Igi Ìdáná Bàbá Stefan

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti padà dé. Láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà.

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ní gáréèjì ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹni tó bi mí láàárọ̀ tún ń rán ọmọ rẹ̀ wá bi mí nírọ̀lẹ́: kí ni wọ́n ń fi èdè Jámánì ṣe gan-an? Mi ò bínú. Èmi náà ò mọ̀ nígbà tí mò ń lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, mo sì ń gba máàkì tó dáa lórí rẹ̀ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ń ṣe ni mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Bàbá Láídé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta fóònù lẹ́bàá Pólì, ni kò tiẹ̀ fi bò rárá. Ọjọ́ tí mo lọ dágbére fún wọn, fóònù kan ni wọ́n nà sí mi.

"Bùsọ́lá, sọ̀rọ̀ sí i," ni wọ́n wí. "Sọ Yorùbá sí i, kó o wo bó ṣe máa fọ̀ ọ́ lédè Jámánì. Ṣé nǹkan tí fóònù ń ṣe kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú lo fẹ́ fi odidi ìgbà èwe rẹ kọ́? Ṣebí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Fóònù ò mọ àṣà, Bàbá Láídé."

"Àṣà wo? Ṣé wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni, àbí wọn kì í sùn?"

Mo dágbére fún wọn, mo bá tèmi lọ. Ká sòótọ́, mo dárúkọ àṣà yẹn nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹ̀ka wa sára ògiri nìyẹn: èdè àti àṣà. Èsì gidi wà lókè òkun, ó sì pẹ́ kí n tó rí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí.

Ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ físà àti bàálù, ẹni tó gbọ́ ti ẹnìkan ti gbọ́ ti gbogbo ayé. Ìlú kékeré kan ni wọ́n fi mí sí, ní ìhà gúúsù Jámánì. Òkè yí i ká bí òkè ṣe yí Èrúwà wa ká, àfi pé igi ló bo tiwọn láti orí dé ẹsẹ̀. Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni mo débẹ̀, òtútù sì ti ń fẹ́ bọ́ sí ojúde.

Nínú rélùwéè tó gbé mi lọ, èèyàn kún fọ́fọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé òkú ni wọ́n ń sìn. Mo kí obìnrin tó jókòó tì mí. Ó wò mí, ó wo báàgì rẹ̀, ó tún wò mí, ó ní, "Ẹ káàsán," ó sì kọjú sí fèrèsé. Nínú mọ́tò Lánlátẹ̀, ká tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, gbogbo wa ì bá ti mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ àti ìdí tó fi kọ̀ ọ́.

Yunifásítì ti bá mi wá yàrá sílé bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Stefan, ń gbé ní ìlú ńlá tó jìnnà síbẹ̀, bàbá nìkan ló sì wà nínú ilé alájà mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Vogt ni mo máa ń pè é lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàràpá ni mí. Láti ọjọ́ kìíní ló ti di Bàbá Stefan nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa pè é fún yín.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ga, ó gbẹ, ó dúró ṣánṣán. Kí n tó rántí ibi tí mo wà, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Bàbá wo ilẹ̀ níwájú mi. Ó yára wọlé, ó mú tọ́ọ̀ṣì jáde, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tan iná kiri lórí ẹní ìnusẹ̀.

"Kí ló jábọ́?" ló bi mí. "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni?"

Ojú tì mí láti sọ pé òun ni mò ń kí. Mo ní yẹtí ni. Àwa méjèèjì bá ń wá yẹtí tí kò sọ nù. Nígbà tí mo rí i pé bàbá ò fẹ́ jáwọ́, mo rọra yọ ọ̀kan létí, mo tì í sábẹ́ ẹní, mo ní, "Ẹ wò ó, mo ti rí i." Inú rẹ̀ dùn, ó ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo yege ìdánwò. Irọ́ kékeré yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́.

Oúnjẹ tí kò rí iná

Alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá tẹ́ tábìlì. Búrẹ́dì dúdú tó le, wàrà oríṣi mẹ́ta, ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé, àti àlùbọ́sà tútù. Mò ń wo ilé ìdáná, mò ń retí kí oúnjẹ gan-an jáde. Kò sí nǹkan tó jáde. Oúnjẹ náà nìyẹn.

"Ṣé wàá jẹ sí i?" ni bàbá bi mí nígbà tí mo jẹ búrẹ́dì kan tán.

"Rárá, ó ti tó, ẹ ṣeun," ni mo wí, mo sì ń dúró kó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí wọ́n bí dáadáa. Kò sọ ọ́ mọ́. Ó palẹ̀ mọ́, ó fọ àwo. Ebi pa mí sùn. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn pé níbẹ̀, bí o bá ní rárá, rárá náà ni. Wọn kì í rọ ẹni tí ò fẹ́, torí lójú tiwọn, àrífín ni láti má gba ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni.

Kò pẹ́ tí mo fi di ọmọ ilé. Mo mọ garawa ìdọ̀tí tí wọ́n ń da ìgò sí, mo mọ ti bébà, mo mọ ti èèpo, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ṣi ọ̀kan jù sínú èkejì, bàbá á lọ yọ ọ́ jáde, á gbé e wá sórí tábìlì, á máa wò mí. Mo se ẹ̀gúsí tí mo gbé láti ilé fún un. Ó fi búrẹ́dì dúdú jẹ ẹ́, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ní kí n bu sí i. Nírọ̀lẹ́, á máa sọ ìtàn iṣẹ́ kápẹ́ńtà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Òun ló kan àtẹ̀gùn tí mò ń gùn lọ sí yàrá mi, òun ló kan tábìlì, òun ló kan bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó rẹ̀ kú sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò lè fi bò.

Apẹ̀rẹ̀

Igi ni wọ́n fi ń mú ilé náà gbóná. Ààrò irin ńlá kan wà ní pálọ̀, igi lílà sì wà lẹ́yìnkùlé, bàbá ti tò wọ́n lọ gbọọrọ bí ìwé lórí pẹpẹ. Láràárọ̀, bàbá á gbé apẹ̀rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lọ kó igi, á sì gbé e gun àtẹ̀gùn òkúta padà wọlé.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún mi. Ọmọ Èrúwà, ọmọ tíṣà, rí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó gbé igi, kí ló yẹ kó ṣe? Mo sáré jáde ti èmi ti aṣọ òru.

"Ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e!"

"Rárá, o ṣeun. Mo lè gbé e."

Mo ti kọ́ pé rárá ni rárá. Ṣùgbọ́n ti oúnjẹ nìyẹn. Ti ẹrù àgbà yàtọ̀. Àgbà wo ni kì í kọ́kọ́ sọ pé "fi sílẹ̀, má ṣe ìyọnu"? Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ tán, ọmọ tó bá fi sílẹ̀ lóòótọ́ ti ba ilé bàbá rẹ̀ jẹ́. Mo di etí apẹ̀rẹ̀ mú. Bàbá fà á. Èmi náà fà á. Èmi ni mo kéré lọ́jọ́ orí, èmi ni mo borí.

Ọjọ́ kejì ó tètè jí kó lè ṣáájú mi. Ọjọ́ kẹta mo jí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, èmi ni mò ń gbé igi, èmi ni mò ń lọ ra búrẹ́dì, èmi ni mò ń gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á máa gbàdúrà fún mi lọ bí omi, inú mi á sì máa dùn.

Bàbá ò sọ ìtàn mọ́. Ó ń jókòó sídìí fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo rò pé ó ń sinmi ni.

Stefan

Ọjọ́ Sátidé kan ni Stefan dé. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, ojú rẹ̀ tutù, ó gbé kéèkì wá. Ó bá mi lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ igi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ojú fi ń tì mí.

Nígbà tí a jókòó sídìí kéèkì, ó kọjú sí bàbá rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, "ìwọ" ni ọmọ ń pe bàbá rẹ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bínú. Etí tèmi ò gbà á rí, nítorí náà "ẹ" ni n ó fi sí Stefan lẹ́nu, kó lè ṣeé gbọ́ fún yín.

"Bàbá, ẹ wò ó," ló wí. "Ọmọ yìí ló ń gbé igi yín, òun ló ń ra búrẹ́dì yín. Bó bá lọ ńkọ́? Ẹ ò lè dá gbé mọ́. Mo ti rí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan nítòsí mi. Ó mọ́ tónítóní, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní yàrá máa ṣófo kí òtútù tó lọ. Ẹ jẹ́ ká ta ilé yìí."

Bàbá gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń wo apẹ̀rẹ̀ tí mo gbé sídìí ààrò.

Nígbà tí Stefan lọ, mo lọ bá bàbá nídìí fèrèsé, mo ní kó má bínú, pé n ó bá Stefan sọ ọ́ pé èmi ni n ó máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó gbójú sókè.

"Igi kọ́ lò ń gbé láti ọjọ́ yìí," ló wí. "Èmi lò ń gbé. O ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ó ku kí Stefan gbà mí lọ́wọ́ rẹ."

"Ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún yín, bàbá."

"Mo ní rárá. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́. Bí mo bá ṣì ń gbé igi mi, ilé mi ni. Gbogbo àdúgbò ń rí i, Stefan náà ń rí i. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún ní pápákọ̀ òfuurufú lọ. Nǹkan tí ìyá mi fi ń gbàdúrà fún mi ni ọmọ bàbá yìí fi ṣe ẹ̀rí takò ó. Mo rò ó títí pé bóyá ọ̀rọ̀ ni mo ṣì lò. Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kankan lò. Bí mo bá sọ "ẹ jẹ́ n bá yín gbé e" sínú fóònù Bàbá Láídé, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló máa fi èdè Jámánì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà pé. Lójú tèmi, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni "ẹ jù mí lọ." Lójú gbogbo ènìyàn tó wà ní ìlú yẹn, "ẹ ti di arúgbó" ló wà níbẹ̀.

Ọwọ́ mi

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti jáwọ́ nínú igi. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo máa ń dúró lẹ́yìn kọ́tìnì lókè, n ó máa wo bàbá bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òkúta tí yìnyín ti bò, ọwọ́ mi á sì máa yún mi. Ìgbà kan mo jókòó lé ọwọ́ náà lórí kí n má baà sáré jáde.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún obìnrin tó ń kọ́ wa ní àṣà ní yunifásítì ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi pe Stefan, torí èdè ìlú rẹ̀ ni, á mọ bó ṣe máa sọ ọ́.

"Mo mọ Stefan bí mi ò tilẹ̀ rí i rí," ló dá mi lóhùn. "Mi ò mọ Èrúwà. Ta ló máa sọ ti Èrúwà fún un bí ò bá ṣe ìwọ?"

Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ jọ. Èdè wọn ní ọ̀rọ̀ fún ìrànlọ́wọ́, ó ní fún àánú, ó ní fún àìlera. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó bá ohun tí mo ṣe mu. Mo wá rí i pé ìtàn ni n ó fi sọ ọ́.

Lórí tábìlì

Stefan tún dé lọ́jọ́ Àìkú kan, láti gba èsì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. 

"Stefan, ẹ rí mi tí mo gbé igi, ẹ sì rò pé bàbá yín ò lágbára mọ́," ni mo bẹ̀rẹ̀. "Ní ìlú tèmi, ọdẹ kan wà tó máa ń gbé ìgalà lé èjìká láti oko wálé láìsọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lágbára tó o. Ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, tó mú korobá omi lásán dání, dandan ni kí n gbà á. Bí mi ò bá gbà á, ìyá mi ni wọ́n máa lọ bi pé kí ló ń kọ́ mi. Ẹni tó bá jù wá lọ la ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kó le tó. Mo gba igi lọ́wọ́ bàbá yín torí pé ó tóbi lójú mi."

Mo ṣi ọ̀rọ̀ lò níbi méjì, mo padà tún un sọ. Stefan tẹ́tí.

"Ṣé òun ló ní kó o máa gbé e?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ojoojúmọ́ la ń jà sí apẹ̀rẹ̀ yẹn. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

"Ọwọ́ ọmọ yìí le bí ẹ̀mú," ni Bàbá Stefan wí. Ó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó jáde.

À ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta. Stefan fẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Mo wò ó, ó jókòó padà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bàbá wọlé, yìnyín wà lórí fìlà rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mi ò ní purọ́ fún yín, ọgọ́rin ọdún kì í ṣe eré. Ó kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó ń to igi síná lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Bó bá wá ṣubú ńkọ́?" ni Stefan wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yìí láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ọmọ kan ṣoṣo tó jìnnà sí bàbá rẹ̀. Mo ti ń kà á sí ọ̀dájú.

"Mo wà lókè," ni mo dáhùn. "Bó bá ṣubú, n ó gbọ́. Ní ìlú wa, a kì í gbé àgbà lọ bá èèyàn, èèyàn la máa ń mú wá bá àgbà. Bí mo bá lọ, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á gba yàrá mi. Ọ̀pọ̀ ló ń wá yàrá ní yunifásítì."

Stefan fi ṣíbí ro kọfí tó ti tutù. "Ó dáa. Ká wò ó títí òtútù á fi lọ."

"Òtútù tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?" ni bàbá béèrè láti ìdí ààrò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín wọn jọra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ni wọ́n ń fi èdè Jámánì ṣe, ohun tí mo fi ṣe nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa fi ṣiṣẹ́ tíṣà, òmíràn á fi ṣòwò, Ọlọ́run á sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Tèmi, mo fi tú ohun tí mo dì mọ́ bàbá kan lọ́rùn láìmọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ̀rọ̀ nìkan lè wọ ilé onílé, kó kí wọn dáadáa, kó sì ba ilé jẹ́ kó tó jáde.

Ọ̀nà ibùdó rélùwéè

Òtútù lọ. Ewé yọ, bàbá ń la igi ọdún tó ń bọ̀, à ń gbọ́ àáké rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn nírọ̀lẹ́. Stefan ò dárúkọ ilé ìtọ́jú mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bá bàbá wá ẹni tó máa gba yàrá mi, ọmọbìnrin kan láti ilẹ̀ Íńdíà tó ń bọ̀ wá kọ́ èdè. Bàbá ní láti ọjọ́ kìíní lòun ti máa fi igi hàn án, òun á sì ṣàlàyé ẹni tó ni ín.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wálé, Stefan gbé mọ́tò wá kó lè gbé mi lọ sí ibùdó rélùwéè. Bàbá ní kò jìnnà, ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé báàgì mi.

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ara mi ló kígbe. Ọwọ́ mi ti nà jáde fúnra rẹ̀. "Ẹ gbé e wá" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni mo wí.

Ó gba iwájú, Stefan fi mọ́tò sílẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Obìnrin kan ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó bi í pé níbo ló ń lọ pẹ̀lú irú ẹrù báyìí. "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń lọ sílé," ni bàbá fi ohùn gíga dá a lóhùn, "èmi ni mò ń sìn ín." Níbi tí ọ̀nà ti gun òkè, ó dúró, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó ń na ìka rẹ̀. Stefan ti ń sáré bọ̀ láti gbà á. Mo di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ fi bàbá sílẹ̀," ni mo rọra wí.

Stefan wo ojú mi. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sínú àpò kóòtù. Bàbá gbé báàgì náà padà, ó ń gun òkè lọ, àwa ọmọ méjèèjì sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ òfìfo, a rọra ń rìn kí a má baà ṣáájú rẹ̀.